Ọ̀rọ̀ Ìyá sí Dókítà Eyín Tó Tilẹ̀kùn

Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ìrun àílà

Fòfó mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ìyá ní kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí inú má baà bí yín kí ẹ tó kà á dé ìdajì. Ẹ kú àìsí nílé. Ìyá wà láàyè, orí ló ń fọ́ ọ. Èmi Ràmátù àbúrò yín ni mò ń kọ ọ́, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyanrìn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Faransé ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kí wọ́n tó yọ mí, wọn kò kọ́ wa ní Yorùbá kíkọ. Ìyàwó aránṣọ ará Abẹ́òkúta tó ń gbé nínú ilé wa ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Mo sọ fún Ìyá pé kí n fi Faransé kọ ọ́, pé ó yá ju. Ó ní rárá, pé bí mo bá fi Faransé kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òun á dà bí ọ̀rọ̀ àwọn agbowó-orí. Ó ní kí ẹ kà á sókè, kí etí yín lè gbọ́ ohùn òun.

Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí “ọmọ mi”, Ìyá ló ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí “Fòfó”, èmi ni.

Awakọ̀ tí ẹ rán sí wa ló máa gbé ìwé yìí padà sí Kútọnu. Ó ní òun á ṣí ọkọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, òun kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú gbogbo ilé ló ti jíṣẹ́ yín lánàá: pé ẹ ti ti yàrá eyín yín tó wà ní àdúgbò Houinmè pa, pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín kan ní Kútọnu, ẹni tí ẹ jọ kàwé ní Dákà, ni ẹ wà, pé ìwé iṣẹ́ kan ti wá láti ilẹ̀ òkèèrè, láti Àbíjà, ẹ sì máa fọwọ́ sí i. Ó ní ẹ ní kí a sọ fún ará Àjàṣẹ́ pé kí wọ́n wá ẹlòmíì tí wọ́n á máa pa rándéfú rẹ̀ jẹ, ìyẹn ọjọ́ tó bá dá fún wọn. Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dirí fún obìnrin kan lọ́wọ́. Ó dì í parí, ó kó òòyà rẹ̀ nílẹ̀, ó sì wọlé lọ sùn. Àárọ̀ yìí ló ní kí n lọ wá ìwé àti bíìkì ìkọ̀wé wá.

Ó ní:

Ọmọ mi, n kò ní o kò jàre. Mo bí ọ, mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dùn ọ́ tó kí ènìyàn ní òun ń bọ̀ kó má wá. Láti kékeré ni. Bí bàbá rẹ bá ní òun á mú ọ lọ wo ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà, tí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kó lè lọ, ìwọ kì í jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìjókòó lásán ló ń bí ọ nínú. O ti sọ fún mi rí: wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, o ó fi oògùn sínú ihò eyín, o ó fi nǹkan dí i fún ìgbà díẹ̀, o ó ní kí wọ́n padà wá kí o lè parí rẹ̀. Ìrora á lọ, wọn kò ní wá mọ́. Nígbà tí eyín náà bá tún jẹrà, wọ́n á máa sọ káàkiri pé ìwọ Láwànì lo bà á jẹ́. Ìyẹn burú. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ta ni inú kò ní bí?

Fòfó, Ìyá dìde lọ mu omi, ẹ jẹ́ kí n yára sọ tèmi. Ọjọ́ kan wà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún yín, ẹ kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Àga tí àwọn aláìsàn máa ń fẹ̀yìn tì ni ẹ jókòó sí, ẹ na ọrùn sẹ́yìn, ẹ ń wo àjà. Omi tí ẹ fi se irinṣẹ́ ti gbẹ nínú ìkòkò. Irinṣẹ́ wà lórí aṣọ funfun, ẹ tò wọ́n bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì ìta. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mo sì sá. Mo ń sunkún lójú ọ̀nà, n kò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí. Èmi yìí máa ń jowú yín. Mo rò pé ẹni tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò lè dá jókòó báyẹn láé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ti ń bọ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kìíní ni ti Ìyá Sábíù, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú rẹ ti bẹ́.

(Fòfó, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, àbúrò Bàbá wa ni, ṣùgbọ́n Ìyá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Ìyá Sábíù, àbúrò bàbá rẹ, tó ń ta iyọ̀, tó gbé ọ pọ̀n.)

O dá ọjọ́ fún un. Kò wá. Ó rán Móríámọ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pé kó wá ṣojú òun.

Fòfó, Móríámọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré fún wa nínú àgbàlá. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ fún yín, ó sì fi imú sọ̀rọ̀ bíi tiyín.

“Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Ìyá wa ní kí n wá ṣojú àwọn.”

“Ṣojú wọn níbi kí ni?”

“Níbi ọ̀rọ̀ eyín.”

“Eyín ìyá ọkọ rẹ, ṣé ẹnu rẹ ló wà?”

“Rárá o. Ẹnu wọn ló wà.”

“Kí ni mo wá fẹ́ ṣe fún ọ?”

“Ẹ kúkú wo tèmi, kí ìrìn má baà já sí asán. Eyín ọwọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ń ta mí díẹ̀díẹ̀.”

Ẹ̀rín pa wá. Ó ní ẹ mú adìyẹ tí Ìyá Sábíù fi rán an sí yín, ẹ jù ú síta láti ojú fèrèsé, adìyẹ náà sì fò lọ bà lé kẹ̀kẹ́ onígbàgbọ́ kan. Ìgbà náà ni Móríámọ̀ dẹ́kun eré, ó sì sọ èyí tó kù jẹ́ẹ́. Ó ní ẹ mú ìwé orúkọ, ẹ fa ìlà sórí ti Ìyá Sábíù, ẹ sì ní: “Sọ fún un pé mo ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kó má fi ojú rẹ̀ kàn mí mọ́.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ mi, ṣé o bi í léèrè ibi tí Ìyá Sábíù wà lọ́jọ́ náà? Ìlú Misérété ló lọ, oníbàárà rẹ̀ kan ló ń sọmọ lórúkọ. Bí òde méjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan, òde àjèjì ni a máa ń fi ẹsẹ̀ ara wa lọ, nítorí àjèjì á ní a kò ka òun sí. Òde ọmọ ẹni ni a máa ń rán ènìyàn sí, torí ọmọ ẹni mọ inú ẹni. Ó rán ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó rán adìyẹ tì í. Lójú tirẹ̀, ó wá, ó sì wá tọwọ̀tọwọ̀. Ká ní òyìnbó ló wà nínú yàrá yẹn ni, ì bá ti jí lọ fúnra rẹ̀, á sì máa gbọ̀n. Ìwọ ló rán aṣojú sí torí pé ìwọ ni tirẹ̀. Ìfẹ́ ni o fa ìlà lé lórí.

N kò ní eyín ṣe é rán ènìyàn lọ o. Lórí ìyẹn, òpè ni gbogbo wa. A kò rí irú iṣẹ́ yìí rí nínú ìdílé wa. Bí a bá ní ọ̀fọ̀, a lè rán ènìyàn. Bí a bá ní ẹjọ́ pàápàá, bàbá lè lọ jẹ́ ẹ fún ọmọ. A wá rò pé bí ti eyín náà ṣe rí nìyẹn. Ta ni kó kọ́ wa, bí kì í ṣe ọmọ wa? Móríámọ̀ tí o lé, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìyá ọkọ ló rán an.

Bí aṣojú bá dé lọ́jọ́ mìíràn, fún un ní àga. Bi í pé: ẹnu ìyá ńkọ́? Ṣé ó wú? Ṣé ó ń sùn? Apá ibo ló fi ń jẹun? Aṣojú á sọ ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ á fi pa mọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà, rán òun náà padà. Ní kó sọ fún wọn pé Dókítà ti gba ìkíni, ó ku ẹnu.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọmọ mi, ìwọ tí o ka kéwú ní àgbàlá mọ́sáláṣí kí o tó rí ilé ìwé Faransé! Inú oṣù ààwẹ̀ ni o dá ọjọ́ fún ìdajì àdúgbò, ní ọ̀sán gangan. Ta ló fẹ́ la ẹnu sí ọ kí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn máa ṣàn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀?

Fòfó, mo gbè yín lẹ́yìn níbí. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọn kò bá gbé e mì, kò bà á jẹ́.” Ìyá wò mí. Ó ní, “Bí mo bá gbé e mì ńkọ́, ìwọ lo máa bá mi gba ààwẹ̀ ọ̀hún padà?” Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn ìṣínu, Fòfó, tàbí kí ẹ dúró kí oṣù lé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò wá ló ń sá fún yín.

Ọmọ mi, ẹ̀kẹta yìí wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dirí gba owó, kí n tó bí ọ, mo le ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ mi yá, àwọn ènìyàn ń yìn mí, mo sì gbà á gbọ́. Obìnrin kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi láìyẹ̀. Ọjọ́ kan ó ní òun ń bọ̀, mo lé ẹlòmíì padà nítorí rẹ̀, mo jókòó títí òòrùn fi rọ̀. Kò wá. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, gèlè ló wé bo orí. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo ní, “Tú gèlè yẹn ká rí i. Ọwọ́ ta ni o gbé orí lọ tó fi di ohun tí ò ń bò mọ́lẹ̀?” Àwọn ènìyàn dúró. Kò bá mi jà. Ó tú gèlè. Irun rẹ̀ wà ní títú, ó rí jákujàku, kò fi òòyà kàn án. Opó ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń retí rẹ̀.

Ọmọ mi, n kò tíì gbàgbé ojú obìnrin yẹn. Kò sí ẹni tó nà mí, kò sí ẹni tó bú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá wá, n kì í sọ pé ó kọ̀ mí. Mo máa ń rán ènìyàn lọ béèrè bóyá wọ́n jí dáadáa. Inú bíbí kò ṣe nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń sọ òwe yẹn fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọmọdé máa ń gbàgbé rẹ̀.

Fòfó, Ìyá kò sọ èyí fún mi rí. Mo dáwọ́ ìwé dúró. Ó ní, “Kọ ọ́, kí ló dé tí ò ń wò mí?”

Ẹ̀kẹrin, ọmọ mi, ni àga rẹ yẹn. O mọ̀ ọ́n sí ohun èlò. Àwa kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ní ilé wa, òkú ni a máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn dúró lé e lórí máa wo ojú rẹ̀. Ìwọ á ní kí arúgbó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó la ẹnu, o ó bo imú, o ó gbé irin. Kò sí ìrora tí kò ní sọ pé òun ti lọ! Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí o bi wọ́n nípa ilé. Má sì bá aláìsàn nìkan dá ọjọ́. Bá ẹni tó máa sìn ín wá dá a, bá ọkọ, bá àkọ́bí, bá ẹni tí ojú rẹ̀ ń ti aláìsàn náà. Bi wọ́n bóyá ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àjàrá, torí ẹni tó bá ní ẹrù láti tà kò ní fi ọjà sílẹ̀ wá jẹ oró lọ́dọ̀ rẹ. Èyí tó bá sì jẹ́ aláìbìkítà nínú wọn, bá a wí, n kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Àgbà tó ń bẹ̀rù pẹ̀lú, ọmọ ni lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún

Fòfó, n kò rí ẹ̀karùn-ún kọ. Ibí yìí la dé tí Ìyá Sábíù fi wọlé, Sábíù ọmọ rẹ̀ dì í mú. Ó ti fi gèlè di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àtàrí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wú débi pé ojú rẹ̀ apá ibẹ̀ ti kéré, wíwú náà sì ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn. Ó fẹ́ kí Ìyá, ẹnu rẹ̀ kò là ju ibi tí ìka kan lè gbà lọ. Mo fọwọ́ kan án. Ó gbóná.

Sábíù ní, “Àjàrá ni mò ń gbé e lọ. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín. Òun ló yọ ti ọ̀gá mi.”

Ìyá ní, “Ọ̀gá rẹ tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan?”

“Ó ṣáà ń jẹun, Ìyá.”

“Ewúrẹ́ náà ń jẹun.” Ìyá yíjú sí Ìyá Sábíù. “Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ bá Láwànì láti ọjọ́ yìí? Kútọnu kì í ṣe ìlú òyìnbó.”

Ìyá Sábíù sọ̀rọ̀ láti àárín eyín, ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ọ. Ó ní, “Ó ní kí n má fi ojú mi kan òun.”

“Ìbínú ọmọdé ni.”

“Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ̀yìn mi ló wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, torí pé òjò rọ̀, ọ̀nà kún. Ó ní kí n má sọ òun kalẹ̀ kí bàtà òun má rẹ. N kò sọ ọ́ kalẹ̀. Òun náà ló pa orúkọ mi rẹ́.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi etí gèlè nù ún, ó fà sẹ́yìn nígbà tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. “N kò lọ. Kí eyín náà pa mí.”

Fòfó, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi rí pé bí wíwú eyín bá ti ń wá ọ̀nà ọrùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín mọ́, ọ̀rọ̀ èémí ni. Mo pariwo ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn. Sábíù ní ṣé mo dájú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́. Ìyá kò jẹ́ kí n parí, ó ti ń wá ìborùn rẹ̀. Ó rán ọmọ kan sí awakọ̀ pé kó sọ ẹrù kan kalẹ̀, pé ènìyàn mẹ́rin ń bọ̀. Awakọ̀ ránṣẹ́ padà pé iṣu ni ẹrù òun, iṣu kì í sunkún. Ìyá ní kí wọ́n sọ fún un pé òun á mú un sunkún.

Nítorí náà ìwé yìí kò ní ṣáájú wa mọ́. Mo fẹ́ fà á ya, Ìyá ní kí n má ya á. Ó ní kí n fi í sápò, kí n fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú Ìyá Sábíù tán tí ẹ sì ti fọ ọwọ́ yín. Mo ní bí ẹ kò bá ṣílẹ̀kùn ńkọ́? Ó ní kí n jókòó kí n kọ èyí sí ojú ewé ọ̀tọ̀, tí awakọ̀ máa kọ́kọ́ tì wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn yín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, n kò fi nǹkan kún un:

Ọmọ mi, mi ò ní dí ọ lọ́nà Àbíjà. Ọmọ kì í ṣe ewúrẹ́ tí a ń so mọ́lẹ̀. Bí o bá ṣì fẹ́ lọ lẹ́yìn òní, ọwọ́ mi ni màá fi di ẹrù rẹ, màá sì gbàdúrà kí ará ibẹ̀ máa wá lọ́jọ́ tí o bá dá fún wọn. Ṣùgbọ́n má lọ kí ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ wà tó rò pé òun kò sí lójú rẹ mọ́. Ìyá Sábíù ti gbà láti wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá jáde wá pè é lórúkọ. Alágídí ni, ìdílé bàbá rẹ ni gbogbo yín. Mi ò ní bá a jà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n.

Fòfó, wọ́n ń pè mí. Sábíù ti gbé ìyá rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ìyá náà fi orí lé e léjìká. Mo gbé omi àti aṣọ tó mọ́ dání, n kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kí n gbé. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta, ẹ má bi awakọ̀ ní nǹkan kan. Ẹ jáde wá, ẹ pè é.

Àbúrò yín,
Ràmátù